Ohun Tí Mo Ní Kí Sherífá Sọ Nípa Eyín Rẹ̀

Ìsọlọ̀,
Ọjọ́ Ẹtì.

Mopélọ́lá, Àjíkẹ́ mi,

Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́, mo dákẹ́. O ní, "Màmá, ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni?" Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Inú mi dùn, má ṣì mí gbọ́. Láti ìgbà tí o ti lọ kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú eyín n'Íbàdàn ni mo ti ń gbàdúrà pé kí ọjọ́ yẹn ṣojú mi. Ṣùgbọ́n o ní àwọn ilé-ìwé prámárì Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ ni wọ́n fún ọ, pé ẹ ó máa yẹ ẹnu àwọn ọmọ kan náà wò lọ́dọọdún, ẹ ó máa bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń jẹ, ẹ ó sì máa kọ orúkọ ẹni tí eyín rẹ̀ fẹ́ bàjẹ́ sílẹ̀ kí ó tó bàjẹ́. Ibẹ̀ ni àyà mi ti já. Mo mọ iṣẹ́ náà. Wọ́n ti ṣe é ní kíláàsì mi rí, èmi ni mo sì bà á jẹ́ mọ́ ẹni tó ń ṣe é lọ́wọ́.

Mi ò sọ ọ́ fún ọ rí. Mi ò sọ ọ́ fún bàbá rẹ títí tó fi jáde láyé. Bí mo bá ní kí n sọ ọ́ lójú ara wa, àwàdà ni n ó fi bò ó, o mọ̀ mí. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́. Fara balẹ̀ kà á, má kà á nínú ọkọ̀.

Ọmọ ọwọ́ ni ọ́ nígbà náà. Iléeṣẹ́ aṣọ tí bàbá rẹ ti ń ṣiṣẹ́ ti kógbá sílé, owó oṣù àwa tíṣà sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Bẹ́ẹ̀ ni àwa tíṣà kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tajà fún àwọn ọmọ nínú kíláàsì. Ọ̀gá wa ti kà á léèwọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò ṣe é. Súìtì ni èmi ń tà, àti bàbá dúdú. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré onídèérí kan ni mo ń kó o sí, lábẹ́ tábìlì mi. Mo ń tà á nígbà eré, mo sì tún fi ń ṣe ẹ̀bùn. Ọmọ tó bá gba ìṣirò, súìtì kan. Ọmọ tó bá ka ìwé láìkọsẹ̀, súìtì kan.

Sherífátù, tí a ń pè ní Sherífá, ló máa ń gbà á jù, torí òun ló mọ̀wé jù. Ọmọ kékeré dúdú kan ni, tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn ìbéèrè. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni ìyá rẹ̀, ó ń ta àgékù aṣọ ní ọjà Aswani. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé ní Oṣòdì. Obìnrin tó máa ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè. Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà wá díẹ̀. Àárọ̀ kùtùkùtù ló máa ń mú Sherífá wá, a ó máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láti gééètì: "Tíṣà, ẹ bá mi nà án tó bá ń ṣeré o!" Ọ̀rọ̀ nínà kò sí níbẹ̀. Sherífá kò nílò rẹ̀.

Obìnrin tó wá ń yẹ eyín wò, àwọn ọmọ ń pè é ní Àǹtí Eléyín. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ní sùúrù. Ó máa ń gbé àga méjì síbi fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sẹ́nu ọmọ. Tọ́ọ̀ṣì, dígí kékeré olọ́wọ́ gígùn, òwú, fáìlì ìwé, kò ju ìyẹn lọ. Èmi rò pé ihò eyín ló ń wá. Ó ní, "Rárá o, Tíṣà. Tí mo bá fi máa rí ihò, mo ti pẹ́. Ohun tó ń bọ̀ ni mo ń wá." Ó ṣàlàyé fún mi pé òun máa ń wo ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ìdí eyín, òun máa ń béèrè bóyá ọmọ ń fọ ẹnu lówùúrọ̀ àti kó tó sùn, àti pé kì í ṣe bí súìtì ṣe pọ̀ tó nìkan ni òun ń wò, iye ìgbà tó ń wọ ẹnu lóòjọ́ ni. Ó ní ọdún kan kò tó láti mọ ẹnu ọmọ. Ìdí nìyẹn tí òun fi ń padà wá sọ́dọ̀ àwọn kan náà.

Lọ́dún àkọ́kọ́, mímọ́ ni ẹnu Sherífá mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó bi ọmọ kan léèrè ohun tó ń jẹ nígbà eré, ọmọ náà ní, "Súìtì Àǹtí wa." Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àǹtí Eléyín kò rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí bírò rẹ̀ tó ń lọ lórí ìwé, mo ní ìwé yìí ń bọ̀ wá bá mi lọ́dọ̀ ọ̀gá.

Kò sí ohun tó bá mi. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù náà kò kúrò lára mi. Mo bá àwọn ọmọ náà gòkè sí kíláàsì tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n sì kéde lórí ìlà àárọ̀ pé Àǹtí Eléyín ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo wọ kíláàsì, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní, "Tó bá bi yín ní ohun tí ẹ ń jẹ nígbà eré, kí lẹ máa sọ?" Mo kọ ọ́ sójú pátákó: mọ́ínmọ́ín, ọsàn, omi. A kà á pa pọ̀, bí ìgbà tí à ń ka ìṣirò àkọ́sórí, títí ó fi wọ̀ wọ́n lẹ́nu. Sherífá ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Mo sì fún un ní súìtì kan.

Mo fi bírò sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn tí mo kọ gbólóhùn yẹn.

Ọjọ́ pé. Àǹtí Eléyín gbé dígí sẹ́nu Sherífá, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ó fi òwú nu eyín inú, ó tún tan tọ́ọ̀ṣì, ó pè mí kí n wá wò ó. Àmì funfun méjì ni, bí ibi tí ẹfun ti kan nǹkan. Ó ní, "Eyín àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni wọ̀nyí. Lọ́dún tó kọjá, kò sí àmì kankan lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ dáadáa, kí lo máa ń jẹ nígbà eré?"

Ẹ̀yìn àga rẹ̀ ni mo dúró sí. Sherífá wò mí lójú.

"Mọ́ínmọ́ín, ọsàn, omi."

"Lójoojúmọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O kì í jẹ súìtì rárá?"

Ó tún wò mí. "Rárá, mà."

Àǹtí Eléyín mi orí. Ó ní, "Ohun tó ń sọ kò bá ẹnu rẹ̀ mu." Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó kù ti tò dé ẹnu ọ̀nà, ohun kan náà ni gbogbo wọn sì ń sọ. Mo yọjú wo ohun tó kọ. Ewu díẹ̀, ni ó kọ. Ká ní ó kọ ọ́ pé ewu pọ̀ ni, kílíníìkì eyín tó rán an wá ì bá ti pe Sherífá láàárín oṣù díẹ̀, wọn ì bá fi oògùn kun eyín náà, wọn ì bá sì tún wò ó léraléra. "Díẹ̀" túmọ̀ sí pé ó di ọdún tó ń bọ̀.

Síbẹ̀, ọkàn obìnrin náà kò balẹ̀. Ó kọ ìwé pélébé kan sí Ìyá Sherífá pé kó mú ọmọ rẹ̀ wá rí àwọn ní kílíníìkì, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mi ò fún ìyá rẹ̀. Mo rò ó pé tó bá ká ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ nílé, ọmọ á jẹ́wọ́, òun á sì wá pariwo mi ní gééètì létí gbogbo ayé. Mo fi ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀. Mo ní n ó fún un lọ́la.

Jẹ́ kí n dúró níbí, kí n sọ ohun tó yẹ kí ìyá sọ fún ọmọ tó ń lọ síbi iṣẹ́.

Àjíkẹ́, tí o bá fẹ́ bi ọmọ ní ìbéèrè, má jẹ́ kí tíṣà rẹ̀ wà níbi tí ọmọ ti lè rí ojú rẹ̀. Bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kó jáde. Òbí náà, kó jáde. Tó bá ní òun kò jáde, ìwọ gbé àga rẹ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Má sì bi ọmọ pé ṣé ó ń jẹ súìtì, torí gbogbo ọmọ ló mọ ìdáhùn tí àgbà fẹ́ gbọ́. Bi í pé, "Látàárọ̀ tí o ti jí lónìí, kí ló ti wọ ẹnu rẹ?" Ọmọ lè gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ ọ, kò ní gbàgbé ohun tó jẹ láàárọ̀.

Tí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ kò bá sì bá eyín rẹ̀ mu, eyín ni kí o kọ. Má jẹ́ kí ìlà tó gùn sún ọ kọ "díẹ̀" síbi tí ọkàn rẹ ti ń sọ "púpọ̀".

Ìwé òbí, ọwọ́ òbí ni kó bọ́ sí. Tó bá jẹ́ Aswani ló ti ń tajà, lọ bá a ní Aswani. Tó bá jẹ́ Apakun ló ti ń ta nǹkan lẹ́bàá ọ̀nà, sọ̀ kalẹ̀ ní Apakun. Tí kò bá mọ̀wé kà, kà á sí i létí. Má fi lé irú èmi lọ́wọ́.

Ó di sáà tó tẹ̀ lé e, Sherífá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan jẹun. Lẹ́yìn náà ó ń gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní kíláàsì. Mo bi í, ó ní eyín ń ro òun. Mo fún un ní oògùn ìrora. Nígbà tó sunkún, mo fún un ní súìtì kó lè dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe, Mopélọ́lá. Èmi tí mo bí ọ. Ìwé náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ tí mo ti mú oògùn náà jáde.

Lọ́sẹ̀ kan, kò wá sílé-ìwé. Nígbà tí mo fi máa dé ilé wọn, ó ti wà lọ́sibítù, mo sì lọ bá a níbẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú dé ọrùn, ojú kan kò ṣí mọ́. Ọyún ti wọ egungun àgbọ̀n rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan dúró níbẹ̀, ó ń bá ìyá rẹ̀ wí níṣojú gbogbo èèyàn: "Ìyá, níbo lojú yín wà tí nǹkan fi dà báyìí? Ọmọ yín kì í ṣí ẹnu nílé ni?" Obìnrin tó máa ń pariwo yẹn, kò pariwo. Ó ní, "Wọn ò sọ fún mi. Mo rò pé eyín tó fẹ́ yọ ni." Ó wá yíjú sí mi. "Tíṣà, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan ní sùkúù? Àwọn tó ń wo eyín, wọn ò sọ nǹkan kan?"

Mo ní, "Rárá o, Ìyá Sherífá."

Ó ní, "Á jẹ́ pé èmi ni mo ṣe é." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo fa ìwé náà ya, mo sọ ọ́ sínú ṣáláńgá ilé-ìwé.

Sherífá kò kú. Ó pẹ́ lọ́sibítù, wọ́n yọ eyín, wọ́n fá lára egungun, wọ́n tún padà fá a. Nígbà tó jáde, ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kan ti jìn wọnú, àpá wà lábẹ́ àgbọ̀n, ẹnu rẹ̀ kò sì ṣí tó bó ṣe yẹ. Ó padà sí kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn ọmọ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo nà wọ́n, kò dáwọ́ dúró. Ìyá rẹ̀ wá mú un lọ sí Aswani láti máa bá òun kó aṣọ. Kò padà wá mọ́. Ọmọ tó mọ̀wé jù nínú gbogbo ọmọ tí mo kọ́.

Àǹtí Eléyín dé lọ́dún kẹta, ó pe orúkọ Sherífá. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mi ò sọ ìdí rẹ̀. Ó yọ ìwé ọdún méjèèjì jáde, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ, ó sì jókòó tì wọ́n. Ó ní, "Èmi ni mo kọ 'díẹ̀'. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́." Mo dúró tì í, mo ń tù ú nínú pé kó fọkàn balẹ̀. Mi ò jẹ́wọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn ni wọ́n rán wá.

Nítorí náà, máa mú ìwé tàná dání kí o tó wo ẹnu òní. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ mọ́ lọ́dún tó kọjá, tó ní àmì méjì lọ́dún yìí, òun ni kí o sáré tọ̀, ju ẹni tó ti ní ihò kan tí kò kúrò lójú kan láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ tí kò bá sì wá sílé-ìwé lọ́jọ́ tí o lọ, má fi àmì "kò wá" sí i kí o kọjá. Béèrè ilé rẹ̀. Ó lè jẹ́ eyín ló so ó mọ́lé.

Má bú ìyá kankan, ọmọ mi. Bó ti wù kí eyín náà bàjẹ́ tó. O ò mọ ìwé tí kò dé ọwọ́ rẹ̀.

Tí o bá rí tíṣà tó ń ta súìtì ní kíláàsì, má fi ojú ẹlẹ́ṣẹ̀ wò ó. Fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sọ pé kó ta ẹ̀pà, kó ta ọsàn. Ká ní ẹnì kan bá mi sọ ọ́ wẹ́rẹ́ báyẹn, mo rò pé ǹ bá ti gbọ́. Mi ò dá ara mi láre o. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé ìbẹ̀rù ló gbé mi débẹ̀, kì í ṣe ìkà, àti pé ohun tó ṣe ọmọ náà kò kéré nítorí ìyẹn.

Wàyí o, ìwọ náà mọ Sherífá. Òun ni Ìyá Àìṣátù tó ń ta áńkárá ní Aswani, tó máa ń fi etí híjáàbù bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó bá ń rẹ́rìn-ín. O ti bá mi lọ síbẹ̀ rí, ó sì fún ọ ní gèlè. Gbogbo ìgbà tó bá rí mi ló máa ń kúnlẹ̀: "Àǹtí mi! Tíṣà mi!" Mo ti ń gba ìkíni yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kejì tí o pè, mo lọ bá a. Mo ní kó jókòó, ó ní èmi ni kí n jókòó. Mo sọ ọ́ tán pátá: súìtì, pátákó, ìwé inú dúrọ́ọ̀, ohun tí mo sọ fún ìyá rẹ̀ lọ́sibítù. Ó ń ká aṣọ lọ ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní:

"Àǹtí, èmi ni mo purọ́."

Mo ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ni. Alfa wa nílé kéwú sọ pé ẹnu tó bá ń purọ́, iná ni. Nígbà tí ẹnu mi ń jó bí iná lọ́sibítù, mo ní ó ti ṣẹ. Mo ń gbọ́ tí Màmá mi ń sọ pé èmi ni mo ṣe é, èmi ni mo ṣe é. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé kì í ṣe wọ́n, èmi tí mo purọ́ ni. Ẹnu mi ò ṣí. Nígbà tó wá ṣí, ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá sọ, wọn ò ní tọ́jú mi mọ́." Ó gbé aṣọ tó ká sórí àwọn yòókù. "Màmá mi ti kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Mi ò sọ fún wọn."

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tó pa irọ́ yẹn, Mopélọ́lá. Látọjọ́ yẹn ló ti ń gbé e. Èmi rò pé èmi nìkan ni mo ń gbé e.

Mo wólẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé mi dìde, kò jẹ́ kí orúnkún mi pẹ́ nílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ máa lọ ilé. Mi ò lè dá yín lóhùn lónìí. Ẹ má wá ná." Oníbàárà kan wọlé, ó sì yíjú sí i.

Mi ò retí pé yóò pè mí. Lánàá, lọ́sàn-án, ó pè. Kò kí mi bó ṣe máa ń kí mi. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-ìwé tí mo sọ fún òun lọ́jọ́ Ajé pé wọ́n fún ọ, ibẹ̀ ni Àìṣátù òun wà, prámárì kejì. Mo ní mo mọ̀.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n máa wo ẹnu rẹ̀?"

"Mi ò tíì mọ̀. N ó bi í."

Ó ní, "Mo fẹ́ wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí ìyá ọmọ jáde, màá jáde, màá dúró síta. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kọ nǹkan kan nípa ọmọ mi, èmi ni kí wọ́n fún."

Mo ní, "Ìwọ ni wọ́n máa fún."

Ó pa fóònù.

Nítorí náà, tí o bá ti mọ ọjọ́ tí ẹ máa dé kíláàsì Àìṣátù, kọ ọ́ sí mi kedere, kí n lè sọ fún un. Èmi kò ní wá síbẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí iṣẹ́ náà tù ọ́ lára, kí ó sì jẹ́ kí ojú rẹ mọ́lẹ̀ sí ohun tó ń bọ̀ lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ.

Èmi ni,
Màmá rẹ.